Ìkòkò Omi Ìyá Onílé

A kì í gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni wa nígbà náà, nítorí wọ́n ṣì ń tún àwọn yàrá tí ogun wó kọ́. Èmi àti ọmọ kíláàsì mi kan, ọmọ Ìgbò láti Nkwelle Ezunaka, la jọ gba yàrá kan ní Nkpor, lẹ́bàá Onitsha. Báńkì ti gbé bàbá mi kúrò ní Onitsha padà sí Ìbàdàn. Bí wọ́n bá lé mi jáde nílé yẹn, ẹ̀kọ́ mi dópin nìyẹn, torí mi ò ní ibòmíì tí mo lè sùn.

Ìyá onílé wa ní ìkòkò omi kan tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó gbé e sá ogun, ó sì tún gbé e padà wálé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti Relief Market dé, ó bá a ní fífọ́ lẹ́yìnkùlé. Àwa méjì nìkan la wà nílé. Mo ní kì í ṣe èmi, ọ̀rẹ́ mi náà ní kì í ṣe òun. Inú bí mi burúkú. Bí kì í bá ṣe èmi, ta ló tún kù? Mi ò kí i mọ́, òun náà ò kí mi, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì kan náà là ń sùn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ìyá pè wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti parí ìjà. Ó ní òun á dárí ji ẹni tó bá jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n òpùrọ́ á kó ẹrù rẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Mo kúnlẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: bí àgbà bá pe èèyàn sí ẹjọ́, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kó tó wá rojọ́.

"Mama, abeg, no vex," ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá pàtẹ́wọ́. "E don finish! She don gree!" Ó fà mí dìde, ó gbá mi mọ́ra, ó ń pè mí ní nne, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn. Kí n tó ṣàlàyé pé ẹ̀bẹ̀ lásán ni, ó ti wọlé lọ. Kí ni mo gbà? Ẹjọ́ tí mi ò tíì rò!

Nírọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi gbé oúnjẹ rẹ̀ wá kí a jọ jẹ ẹ́. Mo ní lọ́kàn mi, ojú ọmọ yìí mà le o! Ó fọ́ ìkòkò tán, ó tún fẹ́ fi ọbẹ̀ tù mí lójú.

"Ẹ̀rù bà mí gan-an," ló wí jẹ́ẹ́. "Mo rò pé èmi ni wọ́n máa lé. Báwo ló tiẹ̀ ṣe fọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́?"

Mo wo ojú rẹ̀ títí, mi ò rí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ ni lóòótọ́. Kì í ṣe òun náà! Ta wá ni? Ewúrẹ́ ni àbí atẹ́gùn? Orí mi dàrú. Bí mo bá sì lọ sọ fún ìyá pé kì í ṣe èmi, ọ̀rẹ́ mi ni òpùrọ́ tó kù, ẹrù rẹ̀ ni wọ́n máa kó síta.

"Ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi ni," mo dá a lóhùn.

"Ndo," ló wí, bí wọ́n ṣe ń sọ pẹ̀lẹ́ níbẹ̀, ó sì ti ẹja kan ṣoṣo tó wà nínú abọ́ sí ọ̀dọ̀ mi.