Ilé Mi Tó Wà Lórí Òkun

Kété lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí epo rọ̀bì ń pa gbogbo ìlú bí ọtí, mo ríṣẹ́ kúùkù sórí pèpéle irin tí wọ́n ti ń wa epo láàárín òkun. Ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi, ọ̀sẹ̀ kan nílẹ̀. Ni mo bá kó kúrò ní yàrá mi ní Pópó Àgùdà, mo fi í sílẹ̀ fún télọ̀ kan. Kí lẹni tó ń gbé ilé òyìnbó fẹ́ fi yàrá tó ń jò ṣe? Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, màá sùn ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Ilé òyìnbó ọ̀hún rèé: àpótí irin, èèyàn mẹ́jọ nínú ẹ̀ bí sàdíìnì. Bẹ́ẹ̀dì gan-an kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí mo bá dìde lọ síṣẹ́, ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ á ṣubú lé e kí òógùn mi tó gbẹ. Ẹ̀rọ amúlétutù wà lóòótọ́, ó ń mú wa gbọ̀n bí adìẹ tí òjò pa. Òun nìkan ni mo máa ń ròyìn l'Ékòó.

Mo ròyìn ẹ̀ dé ilé àfẹ́sọ́nà mi ní Lafiaji, lọ́jọ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyá àgbà wọn bi mí pé:

"Àna wa, ibo la ó mú ìyàwó wá?"

Mo gbé àyà sókè. "Ibi iṣẹ́ fún mi nílé, mà. Amúlétutù ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru."

"A gbọ́. Àdúgbò wo?"

"Orí òkun ni, mà."

"Ṣé obìnrin ń gbé ibẹ̀?"

"Wọn kì í gbà wọ́n láyè."

Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. "Ẹnu ọ̀nà ta wá la ó ti bu omi sí ọmọ mi lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé ọkọ? Odindi òkun yí ilé ẹ ká, o ò rí ife omi kan bù fún ìyàwó! Ẹ gbé obì yín. Ẹ padà wá tí ẹ bá ní ẹnu ọ̀nà."

A dé ìta, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Pálọ̀ mi kọ́ o. Má rò ó rárá."

Mo sáré lọ bá télọ̀ pé kó dá yàrá mi padà. Kò tilẹ̀ dìde nídìí máṣíìnì. "Bọ̀dá, ṣé amúlétutù ti bàjẹ́ ni?"

Yàrá kan ló ṣẹ́ kù nínú àgbàlá náà, ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá. Ó ń jò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀ la ti bu omi sí ìyàwó mi lẹ́sẹ̀. Télọ̀ ló fa omi náà nínú kànga, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó lè gbé garawa dúró dáadáa.