Iná Bọ̀dá àti Ìgbín Orí Afárá

Ìgbín ló ń nà wá. Kì í ṣe kìnnìún, kì í ṣe ejò olórí méje. Ìgbín ni, tó jókòó sáàárín afárá nínú gémù orí fóònù, tó sì ń na àgbàlagbà mẹ́ta ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní kẹ́mísírì, àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìjan, àti ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tí à ń pè ní Bọ̀dá, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Bí ẹni tó ń kọjá lọ sí àdúgbò Fájuyì bá gbọ́ ohùn wa láti pálọ̀, yóò rò pé ilẹ̀ là ń jà sí.

Àbúrò mi ló kó gémù náà wọlé. Rọpárọsẹ̀ ti mú Bọ̀dá lápá ọ̀tún. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó sì ń bú wa dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn nìkan ni kò tíì bọ̀ sípò. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kó máa fi ìka ṣe nǹkan, kó máa tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà, kó máa ṣa ẹ̀wà. Bọ̀dá ní òun kò ṣa ẹ̀wà nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun ò ní í bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Ni àbúrò mi bá gbé gémù dé.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dun èmi gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti ṣẹlẹ̀, Bọ̀dá ò bá ẹnikẹ́ni jẹun mọ́. Inú abọ́ kan náà làwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jẹ iyán láti kékeré. Kódà lẹ́yìn tí kálukú ti ní ilé tirẹ̀, bí a bá ti pàdé nílé bàbá wa tí Bọ̀dá ń gbé yìí, abọ́ kan ni. Àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún kò lè bu òkèlè mọ́, ta ni yóò sì fi ọwọ́ òsì jẹ iyán níṣojú àwọn àbúrò rẹ̀? Ṣíbí ló ń lò, nínú yàrá, á sì ti ilẹ̀kùn. A máa ń gbọ́ bí ṣíbí náà ṣe ń kan abọ́. Ó máa ń bà mí nínú jẹ́ débi pé n kì í lè jẹ tèmi tán.

Gémù yìí ló wá ṣẹ́kù tí a jọ ń ṣe. Kò le rárá, Bọ̀dá ló sọ ọ́ di líle. Ẹni mẹ́ta ló ń jọ jà, kálukú pẹ̀lú ohun ìjà tirẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀: ẹnì kan ní omi, ẹnì kan ní mànàmáná, ẹnì kan ní iná. Ìkarahun ìgbín náà, òkúta ni. Bó bá gbẹ, nǹkan kan kì í wọ̀ ọ́. Omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ̀ sí i lára kó tutù rinrin. Mànàmáná á wá gba ara omi yẹn wọlé, á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì títí á fi yọrí síta. Ìgbà tó bá yọrí tán ni iná á jó o. Bí iná bá lọ ṣáájú mànàmáná, omi á di ooru, ìkarahun á gbẹ, ìgbín á wọlé rẹ̀ padà, á sì tu itọ́ sí wa. Bí itọ́ yẹn bá ti kàn wá, a kú nìyẹn, ẹsẹ̀ afárá la ó tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an la ti ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí a fẹ́ yan ohun ìjà, a ní kí àgbà kọ́kọ́ mú, bí a ti í ṣe sí ẹran inú ọbẹ̀. Bọ̀dá wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní, "Uná ni temi." Èmi mú mànàmáná. Omi ló kù, òun ni àbúrò wa gbà. Ẹ ò rí i báyìí? Ọmọ tó kéré jù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jà, àgbà ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Ẹ wá lọ sọ ìyẹn fún ọkùnrin tó ti ń ṣáájú wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró kí mànàmáná tèmi wọlé ná."

"Mo dúró."

"Ẹ ò dúró, sà. Ẹ ti tẹ̀ ẹ́."

"Ta ni àgbà nínú ulé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ kí n máa wọ́ tẹ̀ lé yín bí ìrù? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Orí ọmọ tuntun kankan ò wọ́. Orí tèmi ló ń wọ́. Ooru á ti bo gbogbo ojú fóònù, ìgbín á ti wọlé, itọ́ á máa bọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi oúnjẹ ṣàpèjúwe fún un, mo ní bí a bá fẹ́ gún iyán, ṣebí iṣu la kọ́kọ́ ń sè? Ó ní ta ló ń gún iyán nínú fóònù. Mo rán an létí pé kẹ́mísírì lòun náà kọ́ wa kó tó di ọ̀gá, òun ló sì kọ́ mi pé ásíìdì là ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì, pé ohun tó bá ṣáájú ló ń pinnu bóyá ojú èèyàn á fọ́.

"Mo rántí," ló wí. "Mo kọ́ ọ dáadáa. Ìgbín ò sí nínú sílábọ́ọ̀sì."

Nígbà tí ìgbín tún pa wá lẹ́ẹ̀kan sí i, mo dìde kí n má baà sọ ohun tí n kò ní í lè kó padà. Mo bá àbúrò mi ní ilé ìdáná, ó ń bẹ iṣu tó rà bọ̀ láti Ọjà Ọba.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti sú mi. Ẹnì kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìjan, ó mọ gémù yìí dáadáa. Ẹ jẹ́ ká mú un wọlé, kí Bọ̀dá kàn máa wò wá."

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi létí. Mo ti fẹ́ dáhùn pé kó pè é. Mo wá gba ẹnu ọ̀nà wo pálọ̀. Bọ̀dá nìkan ló wà níbẹ̀, kò mọ̀ pé mo ń wo òun. Ó ń gbìyànjú láti tẹ iná rẹ̀. Iná yẹn, èèyàn gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra kíákíá ni. Àtàǹpàkò rẹ̀ á lọ sílẹ̀, kò ní í tètè gòkè, á wá fi ọwọ́ òsì gbé e sókè, á tún jẹ́ kó balẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi. Kì í ṣe pé kò gbọ́ ohun tí à ń wí. Ó ń tètè bẹ̀rẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé ọwọ́ òun á pẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, inú sì tún bí mi sí i, torí ẹnu tó fi ń bú wa láti àárọ̀ kò lè sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yẹn.

Mo bi àbúrò mi pé, "Omi tìrẹ ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́?"

Ó ní, "Wọn kì í tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ẹ kàn máa gbé ìka lé e ni, kẹ́ ẹ má gbé e kúrò. Bó bá ṣe pẹ́ tó ni òjò náà á ṣe pọ̀ tó."

A fi iṣu sórí iná, a padà sí pálọ̀. Mi ò tíì ronú dópin tí ọ̀rọ̀ fi bọ́ lẹ́nu mi.

"Bọ̀dá, nínú ilé yìí, bí a bá fẹ́ jẹun, ta ló máa ń kọ́kọ́ ṣanwọ́?"

Àbúrò mi fún mi léèékánná lápá. Bọ̀dá wò mí bó ṣe máa ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé. Mo rò pé yóò dìde lọ sí yàrá kó sì ti ilẹ̀kùn.

"Èmi ni," ló wí níkẹyìn.

"Ó dáa, sà. Omi ló ń ṣáájú. Ẹ fún Nọ́ọ̀sì ní iná yẹn, ọmọdé ni wọ́n máa ń rán pé kó lọ dáná."

Ó na fóònù rẹ̀ sí àbúrò wa. "Gbé omi yẹn wá."

Ó gbé àtàǹpàkò ọ̀tún lé e, kò sì gbé e kúrò. Òjò bẹ̀rẹ̀ wínníwínní. Ẹnu ń yún mi láti pàṣẹ, mo fi eyín di ètè. Òjò náà ń le sí i, ìkarahun ń dán, omi ń ṣàn lórí afárá.

"Tíṣà, ó yá!" ni Bọ̀dá ké. Mo ju mànàmáná. Ìgbín gbọ̀n, ó yọrí.

"Nọ́ọ̀sì, jó o!"

Ìgbín náà yí gbirigbiri kúrò lórí afárá, ó já sódò. Igbe tí a ké pọ̀ débi pé ará ilé kejì kan ògiri.

A gún iyán tán, mo bu ti Bọ̀dá sọ́tọ̀ bí mo ti ń ṣe, mo ki ṣíbí bọ̀ ọ́.

"Níbo lò ń gbé uyán mi lọ?"

"Yàrá, sà."

"Kí ni mo sọ fún ọ lẹ́ẹ̀kan? Ta ló ń kọ́kọ́ ṣanwọ́?"

Mo da iyán náà padà sínú abọ́ ńlá. Àbúrò wa bu omi wá, ó rọra dà á sí Bọ̀dá lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí omijé. Àwa náà ṣanwọ́. Bọ̀dá ki ọwọ́ bọ abọ́. Ìka rẹ̀ wọnú iyán, ó ń wá bí wọn yóò ṣe kó ara wọn jọ. Kò sẹ́ni tó lè bu òkèlè nílé wa kí àgbà tó bu tirẹ̀. Ó bù ú, ó já bọ́. Ó tún bù ú. Ọbẹ̀ ń tutù, ebi sì ń pa mí tọkàntọkàn. Ọwọ́ mi ti ń sún mọ́ etí abọ́ kí n tó mọ̀.

Bọ̀dá ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Tíṣà," ló wí, "dúró."

Mo dúró.