Sípíkà Tó Mọ Orúkọ Nọ́ọ̀sì Nìkan

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ẹ má sì rò pé torí pé télọ̀ ni nìkan. Ẹnu rẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbé aṣọ wá lónìí tó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́la, èébú tó máa gbé kúrò níbẹ̀ á gùn ju aṣọ náà lọ. "Ṣé wọ́n sọ fún yín pé mi ò kì í sùn ni?" Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò lábùkù, torí náà àwọn oníbàárà á gba èébú, wọ́n á gba aṣọ, wọ́n á sì tún padà wá.

Ó pẹ́ kó tó lọ́kọ. Ìgbà tó sì máa lọ́kọ, káfíńtà kan tí àrùn ojú ń jẹ lójú díẹ̀díẹ̀ ló fẹ́. Ọkùnrin náà ti níyàwó tẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, àmọ́ nígbà tí Nọ́ọ̀sì rí i pé ọkọ òun kò lè ka nọ́ńbà ara téèpù tó fi ń wọn igi mọ́, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ ní, "Nínú gbogbo ọkùnrin, afọ́jú lo rí fẹ́?" Ó ní, "Ẹ̀yin tí ọkọ yín ríran, kí ni wọ́n rí lára yín?" Kò sẹ́ni tó tún bá a sọ ọ́ mọ́.

Lẹ́yìn tí Nọ́ọ̀sì lọ, kí ojú Káfíńtà tó lọ tán, ó ṣe iṣẹ́ kan sílé ara rẹ̀. Ó gé pákó, ó fi bo ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan, ó sì dé sípíkà aláìnífọ́nrán tó ń gba ohùn látorí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́nú pákó náà, tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Kò lo ìṣó, gúlúù àti eyín igi tó wọnú ara wọn ló fi dè é. Sípíkà kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń sọ. Ti pálọ̀ ń ka ìròyìn. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń kọrin jẹ́jẹ́. Ti ilé ìdáná, àwọn kan ló máa ń jiyàn níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí ojú wá kú tán, etí ni ọkùnrin yìí fi ń rìn. Tó bá ti gbọ́ ìjà, ó mọ̀ pé ibi omi mímu lòun wà yẹn.

Ohun tó ń dun Abẹ́rẹ́ nínú ilé yìí ni orúkọ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìgbà tó bá tan fóònù, "Ilé Nọ́ọ̀sì" ló máa ń yọ sí i lójú. Nọ́ọ̀sì ló sọ wáífáì náà lórúkọ, ó lọ, ó fi orúkọ sílẹ̀. Àlejò á dé, á yọ fóònù jáde, á ní, "Ilé Nọ́ọ̀sì nìyí, àbí?" Abẹ́rẹ́ á ní, "Ẹ lọ wá a síbi tó kó lọ." Páásíwọ̀ọ̀dù gan-an, kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bi ọkọ rẹ̀, ọkọ ní Nọ́ọ̀sì ló mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì wá kó ẹrù tó kù, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù Abẹ́rẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú fóònù bí ẹni tí kò fẹ́ kí atẹ́gùn pa àbẹ́là, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò tán lára Abẹ́rẹ́.

Ló bá ra ráútà tuntun. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó wá so ó gbé ti àtijọ́ lọ, ó sì bi í pé orúkọ wo ni kí òun sọ tuntun. "Ilé Abẹ́rẹ́," ló wí. Abẹ́rẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ páásíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó pa Ilé Nọ́ọ̀sì rẹ́ pátápátá nínú fóònù tirẹ̀, ó wá jókòó sídìí máṣíìnì, ó ń kọrin. Kò tíì rán apá kan tán tó fi ṣàkíyèsí pé gbogbo ilé ti dákẹ́ lọ gbári.

"Ta ló pa ohùn ilé mi?" Káfíńtà ló ń pariwo látinú yàrá.

"Ẹ̀rọ tuntun ni mo rà."

"Lọ dá ti àtijọ́ padà."

"Wọ́n ti gbé e lọ."

"Lọ gbé e wá! Mo ní ti àtijọ́ ni mo fẹ́!"

"Ẹ kúkú sọ pé Nọ́ọ̀sì lẹ fẹ́!" Abẹ́rẹ́ ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀. "Ẹ má fi ẹ̀rọ bojú. Ẹ lọ bá a, ọ̀nà là!"

Ọkọ fa ilẹ̀kùn yàrá dé gbàgà, ìyẹn ló sì tún bí i nínú jù.

Abẹ́rẹ́ tún pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Ọkùnrin yẹn náà kò níwà, ó wọlé bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó wo sípíkà títí, ó mí kanlẹ̀. "Ti ayé àtijọ́ nìwọ̀nyí. Orúkọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi mọ wáífáì náà ni wọ́n ń wá kiri, wọn ò mọ òmíràn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gba tuntun, ihò tín-ín-rín kan wà lẹ́yìn wọn, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ máa ki bọ̀ ọ́ kí wọ́n lè gbàgbé ti tẹ́lẹ̀."

"Ẹ̀yìn wọn dà?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Ẹ bi ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ́gi. Àfi kẹ́ ẹ fọ́ pákó."

"Ẹni tó bá fi irin kan igi yẹn," Káfíńtà wí látorí àga, "màá fi irin kan òun náà." Gbogbo wọn ló mọ̀ pé igi yẹn ló gé kẹ́yìn nígbà tó ń ríran.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní ó ku ọ̀nà kan. Kí wọ́n fún ráútà tuntun ní orúkọ àtijọ́ àti páásíwọ̀ọ̀dù àtijọ́, láìyọ lẹ́tà kan. Àwọn sípíkà kò ní mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n á kàn máa bá iṣẹ́ lọ. "Páásíwọ̀ọ̀dù dà?"

Káfíńtà yí ojú sí ògiri. "Mo ti gbàgbé."

Abẹ́rẹ́ wò ó. Ọkùnrin tó ṣì lè sọ ìbú fèrèsé tó ṣe kó tó fẹ́ Nọ́ọ̀sì! Ó ti gbàgbé, ṣé ẹ gbọ́? Abẹ́rẹ́ ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ńṣe ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ìyàwó àkọ́kọ́ sáyà bí ẹni tọ́jú wúrà. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ gbé àpò rẹ̀, ó ní kí wọ́n má pe òun mọ́ títí wọn ó fi parí ìjà wọn.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé dìjà. Abẹ́rẹ́ á gbé oúnjẹ kalẹ̀ gbàgà, kò ní sọ ohun tó jẹ́. Káfíńtà á jẹ ẹ́, kò ní dúpẹ́. Tó bá ń lọ tó ń bọ̀, ó ń fọwọ́ ra ògiri, Abẹ́rẹ́ ń wò ó, kò dìde. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé kí ìfẹ́ Nọ́ọ̀sì máa fà á lọ́wọ́ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń rán aṣọ ìgbéyàwó kan lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ gbì! Ọkọ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà yàrá ìránṣọ, ó ti fi iwájú orí sọ etí tábìlì máṣíìnì. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Abẹ́rẹ́ ni, "Kí lẹ wá ṣe níbí?"

Káfíńtà jókòó sílẹ̀, ife òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé ibí kọ́ ni ilé ìdáná ni?"

Ojú ti Abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ojú tì í wọnú egungun. Ó fọ ọgbẹ́, ó dì í, ó fún un lómi, ó sì lọ dúró sẹ́yìnkùlé, inú tún ń bí i, torí ó ti mọ ohun tó kù fún òun láti ṣe. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó pe Nọ́ọ̀sì.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

"Èmi wo?"

"Ìyàwó Káfíńtà."

"Áà! Ìyàwó Káfíńtà ló ń pe ìyàwó Káfíńtà?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Kí lo wá fẹ́?"

"Páásíwọ̀ọ̀dù wáífáì àtijọ́."

"Báyìí lo ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀? Kí ni mo jẹ́ sí ẹ?"

Abẹ́rẹ́ ti búra pé ẹnu òun kò ní pe obìnrin yìí bẹ́ẹ̀ láéláé. "Ìyálé mi," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Fetí sílẹ̀ dáadáa. 'Mi ò fẹ́ afọ́jú.' Kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, má fi àlàfo sí i."

Abẹ́rẹ́ gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó tún gbé e padà.

"Ṣé o gbọ́? Kí ló dé tó ò bi í? Ó mọ̀ ọ́n. Èmi fúnra mi ni mo kà á sí i létí lọ́jọ́ tí mo yí i, kí n tó kó ẹrù mi jáde." Ó gé fóònù.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Abẹ́rẹ́ dúró sójú kan. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà nínú fóònù tirẹ̀ láti ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ títí ó fi pa á rẹ́, òun ló fi ń wo àrà aṣọ lójoojúmọ́. Ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ Nọ́ọ̀sì padà rárá. Ẹ̀rọ àtijọ́ ló fẹ́, torí ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ yẹn jáde.

Ó wọlé, ó dúró níwájú rẹ̀. "Mo ti mọ páásíwọ̀ọ̀dù náà."

Ọwọ́ Káfíńtà dúró lórí báńdéèjì. "Ṣé o ti kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ?"

"Ẹ rò pé orí mi ti dàrú? Kí n kọ ìyẹn sínú ilé tí mò ń sùn?" Ohùn rẹ̀ ga. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi? Ẹ jẹ́ kí n máa bú yín, ẹ jẹ́ kí n máa jowú lásán bí òmùgọ̀!"

"Kí n fẹnu ara mi sọ ọ́? Fún ìwọ?"

Abẹ́rẹ́ fa àga, ó jókòó tì í.

Káfíńtà ní, "Lọ gbé àpótí irinṣẹ́ mi wá."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ́ pákó náà."

"Ìwọ? O máa gé igi mi bí aṣọ. Mo ní lọ gbé e wá."

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ìka tọ pákó lọ títí ó fi kan ibi tí eyín igi ti wọnú ara wọn, ó ki irin bọ̀ ọ́, ó sì fi òòlù lù ú. Gúlúù kò fẹ́ jọ̀wọ́. Igi ké, ó là. Káfíńtà gbé èyí tó já sí i lọ́wọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Ihò ọ̀hún ńkọ́?"

"Mo ti rí i." Abẹ́rẹ́ yọ abẹ́rẹ́ kan láyà aṣọ rẹ̀.

"Dúró ná. Páásíwọ̀ọ̀dù tìrẹ, kí ni?"

Ó ti kan Abẹ́rẹ́ náà láti fẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀. Ó gé ètè jẹ. "Nọ́ọ̀sì ti lọ."

"Yí i padà. Mi ò fẹ́ ẹ nílé yìí, ì báà jẹ́ lílọ rẹ̀ nìkan. Fi ohun tí mo lè fẹnu ara mi sọ fún àlejò síbẹ̀."

Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ láàárín èèpo igi, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, èébú ni. Ìkejì náà, èébú ni. Ó rò ó gan-an kó tó tẹ ohun kan. Ó wá ki abẹ́rẹ́ bọ ihò, ó fi fóònù so sípíkà mọ́ Ilé Abẹ́rẹ́, orin jẹ́jẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Káfíńtà gbé òòlù. "Ó kan ti ilé ìdáná. Má rò pé mo ti dárí jì ẹ́ o."

"Ta ló bẹ̀ yín?"

Ògiri ilé náà kò lẹ́wà mọ́ báyìí. Pákó tó là ló wà níbi gbogbo, wáyà iná hàn síta. Obìnrin kan wá gba aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ó wo ògiri, ó ṣojú bí ẹni jẹ nǹkan kíkorò, ó yọ fóònù rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni páásíwọ̀ọ̀dù ibí?"

Abẹ́rẹ́ ti la ẹnu láti ní kó kọ́kọ́ san owó ná, àmọ́ ẹnì kan ti dá obìnrin náà lóhùn látilé ìdáná. Ó pariwo ju àwọn tó ń jiyàn nínú sípíkà lọ.

"Ọkọ Abẹ́rẹ́! Ẹ kọ ọ́ pọ̀, ẹ má fi àlàfo sí i!"