Ọ́ìlì Bàálù Tó Bà sí Etí Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Ìgbògbò ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ni iṣẹ́ mi wà. Ìwé kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí mo fọwọ́ kàn tí kò jẹ́ mi lóhùn. Àwọn apẹja ló ń pè mí ní Dókítà, èmi kọ́ ni mo sọ ara mi bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, bàálù kékeré kan, irú èyí tó ń bà sórí omi, gúnlẹ̀ sí iyanrìn èbúté wa. Ọmọbìnrin tó wà á bọ́ sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ yẹ ọ́ìlì wò, torí òjò ti ń ṣú, bí ọ́ìlì bá sì dín, òun ò ní lè gbéra. Kó tó sọ ọ́ tán, mo ti dé ìdí ẹ́ńjìnnì.

"Fi sílẹ̀ fún mi, ọmọ mi. Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ẹ́ńjìnnì ń jẹ́."

Mo fa gééjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, mo nù ún, mo tì í padà sínú ihò rẹ̀, mo tún fà á. Ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni ọ́ìlì kàn. Mo gbé e sókè kí gbogbo èbúté rí i.

"Ó ti gbẹ! Bí kì í bá ṣe tèmi, inú ọ̀sà ni bàálù yìí ì bá já sí lónìí!"

Mo ti ń ṣí ìgò ọ́ìlì tí ọmọbìnrin náà gbé wá. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má tíì dà á. Kò tíì gùfẹ̀."

Apẹja kan bú sẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ rẹ̀. "Dókítà, ọmọ yín ò tíì gùfẹ̀ o! Ẹ gbé e lé èjìká!"

Inú bí mi, ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára ẹ́ńjìnnì náà. Báwo ni irin ṣe ń gùfẹ̀? Ọmọbìnrin náà fi hàn mí pé òun ti pa iná rẹ̀ pátápátá, ó wá ń fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ yí i sẹ́yìn láé. Ọ́ìlì tirẹ̀ kì í gbé abẹ́ ẹ́ńjìnnì bíi ti àwọn tèmi. Ó ní táǹkì lọ́tọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, díẹ̀ á ṣẹ́kù sínú rẹ̀, yíyí yìí ló ń tì í padà sí táǹkì; bó bá padà tán, afẹ́fẹ́ á dún nínú táǹkì, gígùfẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá bu ọ́ìlì kún un láìyí i, á kún jù, á sì máa tú jáde.

"Ẹ wá yí i, sà."

Mo yí i títí apá fi ń ro mí. Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Àfi "gbùlù-gbùlù" nínú táǹkì, bí ìgò tí wọ́n rì sómi!

Mo fa gééjì. Ọ́ìlì ti gòkè dé àárín àmì méjèèjì. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi.

"Ó pé," ni mo wí.

Òun náà wò ó. "Ó pé lóòótọ́, sà."

Ó gbéra kí òjò tó dé. Mo wá kọjú sí apẹja yẹn, mo bi í: mẹkáníìkì wo ló kù ní Ẹ̀pẹ́ tó ti mú bàálù gùfẹ̀ rí?