Ọwọ́ Òsì Ọmọ Mi

Ọmọ mi ọkùnrin ti lé ní ogójì ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ń funfun, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ rí. Ó ń gbọ́ o. Bí mo bá ṣí ìkòkò ní kíṣìnnì, á ti mọ̀ láti yàrá. Ariwo fèrè ọkọ̀ ni kò lè fara dà. Bí a bá gba Mile 2 kọjá, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á máa mì síwá sẹ́yìn, àwọn kọ̀ńdọ́ á sì ní, "Màmá, ẹ gbé wèrè yín sọ̀kalẹ̀ o!" Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ìtàn yìí mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó máa kà á ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé, a ò ní orúkọ tí a lè pe nǹkan náà. Ó ti dàgbà tán kí wọ́n tó sọ fún mi nílé ìwòsàn pé ọ́tísíìmù ni. Mo ní kí wọ́n tún un pè. Wọ́n tún un pè, kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí: ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ bí mo bá kú? Bàbá rẹ ti sọ fún mi, má bínú pé mo ní kí o kọ ọ́ síbẹ̀, pé òun ò lè gbà á sílé. Ẹni tó kù ni àbúrò olóògbé ọkọ mi. Ọkọ mi ni mò ń pe òun náà, bí àwa ìyàwó ilé ṣe máa ń pe àwọn tí a bá nílé ọkọ. Ilé ńlá ni tiwọn ní Àmúwò, orí ilẹ̀ bàbá wọn, yàrá tó ṣófo sì pọ̀ níbẹ̀.

Ilé kan wà ní òpópónà kejì sí tiwa ní Festac, wọ́n ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un lọ, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ tíṣà níbẹ̀ jáde, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó wá yí sí ọmọ mi, ó tún kúnlẹ̀: "Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀ sà." Mo bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ló wọlé. Ta ló kúnlẹ̀ kí i rí?

Ó bi í pé, "Kí lẹ fẹ́ jẹ, Bọ̀dá?"

Mo ní, "Kì í sọ̀rọ̀, tíṣà. Ìrẹsì ló fẹ́ràn."

"Mo gbọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn fi hàn mí."

Ó gbé ìrẹsì sí apá kan, ó gbé iṣu sí apá kejì, ó sì dúró. Ó dúró títí ó fi sú mi. Ọmọ mi mú iṣu. Ẹ wo gbogbo ọdún tí mo ti ń se ìrẹsì!

Ọwọ́ òsì ló fi mú un, òun náà ló fi ń ṣe ohun gbogbo. Mo ní kí tíṣà bá mi yí ìyẹn padà, torí ọmọ Yorùbá ni wá. Ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ọwọ́ tó bá wọn lára mu la máa jẹ́ kí wọ́n lò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn lè fún èèyàn ní nǹkan."

Torí ọmọ mi máa ń gbà ni, kì í fúnni. Kì í ṣe ahun o, kò kàn mọ̀ pé ẹlòmíì ń fẹ́ nǹkan ni. Ìyẹn ni wọ́n ń kọ́ ọ, kó máa bu omi fún ẹlòmíì. Òjò dé, òjò lọ, ó ṣì ń bu omi, òun nìkan ló ń mu ún.

Mo wá bẹ ọkọ mi pé kó wá wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó rí i pé kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n ti mú iná lọ. Ó jókòó ní pálọ̀, ó ń fi fìlà fẹ́ra.

"Ìyàwó wa, ooru yìí mà pọ̀ o."

Kí n tó dìde, ọmọ mi ti dìde. Mo gbọ́ omi ní kíṣìnnì. Ó gbé ife bọ̀, ó kún dé ẹnu, ó ń rọra rìn, kò gbójú kúrò lára omi náà. Ó dúró níwájú àbúrò bàbá rẹ̀, ó nà án sí i. Kò sẹ́ni tó rán an. Ife yẹn nìkan ni mò ń wò, mi ò wo ọwọ́ tó gbé e.

"Ọwọ́ òsì?" ni ọkọ mi wí. "Èmi! Lọ́wọ́ òsì!" Ó gbá ife náà dànù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan rí!"

"Ó wá di orí mi kó tó bẹ̀rẹ̀? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, òun ń fi fún bàbá rẹ̀ lómi! Ta ló kọ́ ọ ní irú èyí?"

Mo ṣàlàyé pé wọ́n ní ká jẹ́ kó lo èyí tó bá a lára mu.

"Àwọn tẹ́ ẹ̀ ń mú un lọ bá yẹn? Kí wọ́n kúkú máa mú un sọ́dọ̀."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíì ló fi ọwọ́ òsì gbé omi fún èmi náà, mi ò ní gbà á. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé mi ò rí ẹni tí mo máa bínú sí.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó tó lọ. Ó ní kì í ṣe pé òun kórìíra wa, àwọn ìyàwó òun ò ní gba àgbàlagbà tí kò lẹ́kọ̀ọ́ sílé. Ó wá ṣàdúrà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é: "Ọlọ́run á jẹ́ kó sin yín." Àmín kò jáde lẹ́nu mi. Bó bá sin mí tán ńkọ́?

Láti ọjọ́ náà, ọmọ mi máa ń ki ọwọ́ òsì rẹ̀ sábẹ́ itan. Wọ́n gbé iṣu síwájú rẹ̀, wọ́n gbé ìrẹsì, kò mú ọ̀kankan. Tíṣà ní, "A máa tún bẹ̀rẹ̀, Màmá." Mo bi í bóyá ọmọ mi lè máa sùn lọ́dọ̀ wọn bí mi ò bá sí mọ́. Tíṣà kúnlẹ̀ kó tó dáhùn, mo sì ti mọ èsì rẹ̀ kó tó yanu.

"A kì í gba ẹni tó máa sùn síbí, Màmá. Mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń gbà á nítòsí."

Mo ṣì ń mú un lọ láràárọ̀, bí orúnkún mi bá gbà. Àwọn ará àdúgbò á kí mi lójú ọ̀nà, èmi náà á sì wo ojú ẹni tó kí mi pẹ́, bóyá òun ni mo lè fi ọmọ mi lé lọ́wọ́. Wọ́n á rò pé ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n á sọ orúkọ wọn fún mi, wọ́n á ní kí n máa rọra, wọ́n á sì kọjá.