Ìyá Mi Kò Mu Sìgá Rí

Ikọ́ ni ó kọ́kọ́ mú ìyá mi, ọyẹ́ ni gbogbo wa sì dá lẹ́bi. Bí ọyẹ́ bá dé Bouaké, eruku pupa a máa wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá, ta ni kò ní í húkọ́? Ọyẹ́ lọ, òjò dé, ikọ́ kò lọ. Wọ́n mu àgbo, wọ́n lá oyin, wọ́n mu oògùn olómi tí wọ́n rà ní farmasí títí ìgò rẹ̀ fi kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ìnujú wọn, mi ò bá wọn jiyàn mọ́. Mo gbé wọn sẹ́yìn alùpùpù mi, ó di lópítà, ilé ìwòsàn.

Kí ẹ tó máa káàánú wọn jù, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí wọn sí, bàbá mi ni ó mú wọn wá sí Bouaké nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Ẹja yíyan ni ìyá mi fi tọ́ èmi àti àbúrò mi obìnrin. Wọ́n á lọ ra ẹja tútù ní Béoumi, wọ́n á yan án lórí ààrò lẹ́yìn ilé, wọ́n á sì gbé e lọ sọ́jà. Èmi náà ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lọ́jà yẹn; àbúrò mi wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Abidjan. Dioula ni ìyá mi fi ń tajà, wọ́n sì gbọ́ Baoulé tó tó láti fi ná ẹja. Faransé nìkan ni wọ́n ní àwọn ò gbọ́. Bí àwọn tó ń gba owó ọjà bá dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da Faransé sílẹ̀, ìyá mi á máa wò wọ́n lẹ́nu bí ẹni ń wo tẹlifísọ̀n tí kò ní ohùn. Tó bá yá, á sú wọn, wọ́n á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí dókítà pè wá wọlé láti sọ ohun tí àyẹ̀wò fi hàn, èmi ni ògbufọ̀. Dókítà náà, ọmọkùnrin tí kò tíì hu ewú kan ṣoṣo, sọ ọ́ ní Faransé pé jẹjẹrẹ ni, inú ẹ̀dọ̀fóró apá ọ̀tún ni ó wà, Abidjan ni wọ́n ti máa tọ́jú rẹ̀, kí a má sì fi falẹ̀. Mo kọjú sí ìyá mi, mo fipá rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ó ní kòkòrò kékeré kan ló wọ inú ẹ̀dọ̀fóró yín. Wọ́n máa fún yín ní oògùn tó le díẹ̀."

Ìyá mi wò mí. "Kòkòrò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Kékeré ni."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn tó sọ yẹn, kòkòrò kékeré nìkan ló wà níbẹ̀?"

"Faransé ló gùn, Ìyá."

Wọ́n mi orí. Wọ́n wá kọjú sí dókítà, wọ́n sì fi Faransé tó já gaara bí ti tíṣà bi í bóyá jẹjẹrẹ náà ti tàn dé ibòmíràn, àbí ojú kan náà ló ṣì wà, àti bóyá ó ṣeé gé.

Dókítà ń dáhùn, èmi ń wo ilẹ̀, bíi kó lanu kí n kó sí i.

Nígbà tí a jáde, mo ní, "Ìyá, láti ìgbà wo lẹ ti gbọ́ Faransé?"

"Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti ń fi bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí kò fẹ́ kí n gbọ́." Wọ́n tún ìbòrí wọn wé dáadáa. "Ìwọ náà, má tún fi kòkòrò kékeré tàn mí mọ́. Bí mo bá máa jà, jẹ́ kí n mọ ẹni tí mò ń bá jà."

Tààrà ni wọ́n gba ọjà lọ, wọ́n ta ẹja tó ṣẹ́kù, wọ́n sì bá oníbàárà kan jà lórí orí ẹja. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, mo rí wọn lẹ́yìn ilé, wọ́n jókòó ti ààrò tí kò ní iná, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Wọn ò rí mi. Mo padà sẹ́yìn, mo tún wọlé pẹ̀lú ariwo, mo ń ti ìlẹ̀kùn gbàgà. Bí mo ṣe dé ẹ̀yìn ilé, wọ́n ti dìde, wọ́n ń bú ológbò aládùúgbò tí kò sí níbẹ̀.

Ìròyìn àìsàn kì í pẹ́ kárí láàárín àwa tí àwọn ará ibí ń pè ní Anàgó. A ò tíì di ẹrù Abidjan tí àwọn èèyàn ti ń wá kí wọn, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbé bọ̀. Obìnrin ará ìlú wa kan wà tó ń ta abọ́ nítòsí ìsọ̀ ìyá mi. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ọ̀rẹ́ ìgbà ọmọge ni ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé àti ìyá mi. Ọmọ dáadáa ni, àfi pé ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Ó wá, ó kí wa tán, ó gba tíì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú o. Wọ́n ní àwọn tó ń mu sìgá ni irú àìsàn yìí máa ń mú. Ṣé ẹ ti mu ún rí ni?"

Ìyá mi kò mu sìgá rí. Bí ẹnìkan bá ṣáná sí sìgá nínú ọkọ̀ Béoumi, ìyá mi á ní kí awakọ̀ dúró, á sì dúró. Mo la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Mo mu ún," ni wọ́n wí.

Obìnrin náà fa àga mọ́ wọn. "Ẹ mu ún, Ìyá?"

"Sìgá kọ́ o. Ìkòkò tábà ni. Nígbà tí mo wà ní ọmọge, lẹ́yìn ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fà á bí arúgbó ọkùnrin. Ọmọ mi, ó dùn."

Tíì tí mò ń mu gba imú mi jáde. Obìnrin náà kò mu tirẹ̀ tán kó tó rántí pé òun ní iṣẹ́ lọ́jà.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ parọ́ mọ́ ara yín?"

"Ṣé o kò rí ojú rẹ̀ ni? Ẹ̀rù ló gbé wọlé. Bí mo bá ní mi ò mu ún rí, ẹ̀rù á tún bà á sí i, torí òun náà ò mu ún rí. Ní báyìí, ó máa sùn. Sàráà ni mo ṣe." Wọ́n ń fi ìka pa etí ife. "Àti pé ta ló ní mi ò mu èéfín? Ta ló yan gbogbo ẹja yẹn? Èéfín ni mo fi tọ́ yín."

Mo ti bi dókítà ní kọ̀rọ̀ bóyá èéfín igi ló fà á. Ó ní ó lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ó sì lè máà ní, kò sẹ́ni tó lè fi ìka tọ́ ọ pé òun nìyí. Mo ti rò pé ìyá mi kò gbọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìtàn náà ti lẹ́sẹ̀, ó ti níyẹ̀ẹ́. Wọ́n ní inú ọkọ̀ ojú irin ni ìyá mi ti máa ń fa ìkòkò náà. Wọ́n ní ó tóbi tó igbá. Àlùfáà wa gbé oyin wá, wọ́n sì fara balẹ̀ sọ pé àwọn fẹ́ bá ìyá mi ṣe túúbá lórí ọ̀rọ̀ tábà. Èmi ti fẹ́ ṣàlàyé, ìyá mi ti tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ gba àdúrà náà, Àlùfáà. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tí mo lè lò ó fún."

Abidjan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ilé àbúrò mi la dé sí, ibẹ̀ la ti ń lọ sí lópítà fún oògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan wọn díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ìyá mi á sì padà wálé wá máa bì. Irun wọn bọ́ tán. Àbúrò mi sunkún, ó lọ fi ara pamọ́ sílé ìdáná. Ìyá mi ní kí n gbé dígí wá. Wọ́n wo orí wọn lápá ọ̀tún, wọ́n wò ó lápá òsì.

"Wo bí orí mi ṣe rí róbótó," ni wọ́n wí. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí."

Èmi ni mò ń po ẹ̀kọ fún wọn, torí iṣẹ́ ni àbúrò mi ń lọ láàárọ̀. Wọ́n tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ní kò jinná, wọ́n bi mí bóyá dókítà náà ló rán mi. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má jẹ oúnjẹ ojú títì, torí ara wọn kò lágbára láti bá kòkòrò jà. Lọ́jọ́ kan, mo lọ gba oògùn, mo padà dé, mo bá wọn lórí bẹ́ńṣì níta lópítà pẹ̀lú obìnrin aláìsàn kan. Àwọn méjèèjì kọ̀yìn sí mi, orí wọn wà lábẹ́ ìbòrí kan náà. Òórùn atíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń tà lójú títì, àti ẹja díndín gba gbogbo ibẹ̀ kan.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ẹnu wọn kún. "Àdúrà là ń gbà," ni ìyá mi wí.

Mo bínú gan-an. Mo sì gba èyí tó kù, mo jẹ ẹ́.

Ibà wá mú wọn lẹ́yìn oògùn kan. Kì í ṣe atíẹ́kẹ́ ló fà á, dókítà ní oògùn náà ló jẹ́ kí ara wọn rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá wọn dúró sí lópítà. Ìyá mi ò mọ̀ mí mọ́. Wọ́n ń pè mí ní orúkọ bàbá mi, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n gbé àwọn lọ sílé. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ wọn ni èmi fi ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi jókòó, ó di ẹsẹ̀ wọn mú, èmi di ọwọ́. Nígbà tí ibà náà lọ, tí ojú wọn là, wọ́n wò mí.

"Ẹ̀kọ rẹ yẹn," ni wọ́n wí, ohùn wọn kò ju ti ẹ̀fọn lọ, "ṣé ó ti jinná báyìí?"

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, mi ò sì lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún torí èmi náà ń sun tèmi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gé apá kan kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró náà. Dókítà tó ṣe é ní ó dára, ṣùgbọ́n mímí máa jẹ́ iṣẹ́ fún wọn fún ìgbà díẹ̀. A gbé wọn padà sí Bouaké, wọ́n fúyẹ́ bí ẹni tí mo lè fi ọwọ́ kan gbé.

Obìnrin tó ń ta abọ́ náà kò jẹ́ kí a sinmi tán. Ó kó àwọn obìnrin ọjà mìíràn sẹ́yìn wá, wọ́n kún yàrá. Ìyá mi gba ìkíni gbogbo wọn. Wọ́n wá pe obìnrin náà mọ́ra.

"Wọ́n ní o ti ròyìn ìkòkò tábà mi fún gbogbo ọjà. O ò ṣe búburú. Ṣùgbọ́n ibi tó dùn jù lo fò." Wọ́n mí, wọ́n tún mí. "Ìyá rẹ ló máa ń bá mi ṣáná sí i."

Gbogbo ojú kọjú sí obìnrin náà.

"Ìyá!" ni ó kígbe. "Ẹ̀fẹ̀ lẹ̀ ń ṣe! Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀fẹ̀ ni!"

"Òun ló tiẹ̀ mọ̀ ọ́n fà jù mí lọ," ni ìyá mi wí.

Kó tó di àṣálẹ́, obìnrin náà ti ti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń búra pé ìyá mi kò fẹnu kan tábà rí, àti pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí èmi ti ń wí láti ọjọ́ pípẹ́ tí kò sẹ́ni tó gbà gbọ́, òun fi ọ̀sán kan tún un ṣe. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n di ẹ̀gbẹ́ mú, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n má pa àwọn lẹ́rìn-ín mọ́, ojú abẹ ń dùn wọ́n. "Ká ní ọ̀rẹ́ mi ò tíì kú ni," ni wọ́n wí, "ẹ̀rín ì bá pa á."

Èmi fúnra mi ni mo wó ààrò ẹ̀yìn ilé. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ìyá mi jókòó lórí àga, wọ́n ń wò mí títí mo fi kó ẹrẹ̀ gbígbẹ náà dànù. Wọ́n ní kí n gbin ata síbẹ̀.

Ìgò omi kan ni dókítà ní kí wọ́n máa fi kọ́ mímí, ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n á máa fẹ́ títí omi á fi máa hó. Wọ́n máa ń ní kí n kọ́kọ́ fẹ́ ẹ kí àwọn rí bó ṣe yẹ kó rí. N óò fẹ́ ẹ. Wọ́n á ní àwọn ò ríran dáadáa, kí n tún fẹ́ ẹ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró tèmi là ń tọ́jú.

Rírìn ni wọ́n fẹ́ràn. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa sinmi bó bá rẹ̀ wọ́n. Ìyá mi gbọ́ "sinmi" ju "rìn" lọ. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ti ń rẹ̀ wọ́n, pàápàá ibi tí wọ́n bá ti ń jà tàbí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. N óò gun alùpùpù, n óò máa wá wọn kiri, gbogbo èèyàn á ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Lánàá, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni mo ti rí wọn, wọ́n jókòó sábẹ́ fáànù, wọ́n ń bá gbogbo ilé yanjú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tí wọn ò pè wọ́n sí.

"Ìyá, rírìn ni dókítà ní kí ẹ máa rìn. Kò ní kí ẹ máa sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀dọ̀fóró kan náà ni mo fi ń ṣe méjèèjì," ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n jókòó, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán.

Àwòrán tí wọ́n yà kẹ́yìn ní Abidjan kò fi nǹkan kan hàn. Dókítà ní kí a padà wá lẹ́yìn òjò. Bí wọ́n bá húkọ́ lójijì, mo ṣì máa ń dá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró, mo ń tẹ́tí. Wọ́n mọ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ hú u láti wo bí n óò ṣe sáré dé, wọ́n á sì rán mi ní omi tútù, níwọ̀n ìgbà tí mo kúkú ti dìde.