Ojú Ewé Kọkànlélógójì

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo yunifásítì wa ń pe obìnrin náà, látorí ọ̀jọ̀gbọ́n títí dórí ẹni tó ń gbálẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló máa ń wà lọ́rùn rẹ̀, okùn bàtà dúdú ló fi so ó. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ilé ìṣúra ló ń ṣọ́. Àpótí tó wà lára tábìlì rẹ̀ lásán ni. Ìwé ńlá eléèpo pupa kan ló wà nínú àpótí náà, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ àyàfi búrẹ́dì tó máa ń fi pamọ́ fún mi, torí ó mọ̀ pé mi ò kì í rántí gbé oúnjẹ wá síbi iṣẹ́.

Èmi ni mo ń pín yàrá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tábìlì mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá tirẹ̀, ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí wọ́n ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Yunifásítì wa kò tóbi. Bí èèyàn bá sín lẹ́nu géètì, àwọn tó wà ní ilé ìkàwé á kí i pẹ̀lẹ́. Àṣírí kì í pẹ́ tú nírú ibi bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ fi le.

Ètò ìrànwọ́ àkànṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú ń dùn, èyí tí etí rẹ̀ kan ti di, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tí kò lè kọ̀wé kíákíá, èyí tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú rí tó sì ń bẹ̀rù kó má tún dàrú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń bọ̀. Á ti ilẹ̀kùn, á fetí sílẹ̀, á sì kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé pupa, ojú ewé kan fún ẹnì kan. Lẹ́yìn náà, á fún ọmọ náà ní ìwé funfun pélébé kan kó gbé e lọ fún olùkọ́. Ohun tó máa ń wà nínú ìwé funfun yẹn kò ju ìlà kan lọ: "Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún àkókò rẹ̀." Kì í kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Olùkọ́ tó bá wá béèrè ìdí, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ á ní, "Ọ̀gá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi kún un, wọn ò ní kẹ́ ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò."

Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọmọ yòówù tó bá jókòó níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló kọ́kọ́ máa ń sọ fún un: "Ohun tó o bá sọ níbí, èmi nìkan ló gbọ́ ọ." Mo máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ọjọ́ tó bá kú, wọ́n á sin kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọn. Á ní kí wọ́n sin èmi náà mọ́ òun, kí òun lè rí ẹni tí á máa yọ òun lẹ́nu.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá fún wa, yàrá rẹ̀ sì kọjú sí ti Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni tẹ́lẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fún un ní yàrá nígbà yẹn, ọmọ tín-ín-rín kan tó máa ń wolẹ̀ tó bá ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà ìdánwò ni mo máa ń rí i tó ń jáde láti yàrá Ìyá Kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú ìwé funfun lọ́wọ́. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é, mi ò sì béèrè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé "Màmá mi" ló ń pè é fún ọdún mẹ́rin gbáko, àti pé lọ́jọ́ tó gboyè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sáré wá kó tó lọ bá àwọn òbí rẹ̀ lábẹ́ igi.

Inú Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dùn dẹ́yìn. Ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ òun ti di ọ̀gá òun. Ẹni tó ń pè ní "ìwọ" tẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ẹ̀yin" lọ́jọ́ kan náà, ó ní ipò nipò ń jẹ́.

Lóṣù kejì, ọ̀gá wọlé tọ̀ ọ́ wá. Wọn ò ti ilẹ̀kùn, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Màmá mi, àwọn ìgbìmọ̀ ń bi mí bóyá ètò yín yìí tiẹ̀ wúlò. Mo fẹ́ gbèjà yín. Ẹ yá mi ní ìwé pupa yẹn di ọ̀la, kí n fi mọ iye àwọn ọmọ tó ń jàǹfààní ẹ̀."

"Mo lè sọ iye wọn fún yín, sà. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n lọ́dún yìí."

"Wọ́n á fẹ́ kí n ti rí i fúnra mi. Èmi nìkan ni màá wò ó. Àbí ẹ ò fọkàn tán mi ni, Màmá?"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló mú un. Ó ní kó fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì jáde wá bá mi, ó di kọ́kọ́rọ́ náà mọ́wọ́. Èmi ẹlẹ́nu bọ́rọ́bọ́rọ́, mo ní, "Ẹ fún un jàre. Ta ló tún máa mọyì àṣírí ju ẹni tẹ́ ẹ ti bo àṣírí ẹ̀ rí lọ?" Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́. Inú ṣì ń bí mi sí ara mi títí dòní.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ padà wọlé, ó ṣí àpótí, ó sì gbé ìwé pupa náà lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ọ̀la tí ọ̀gá dá di ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, ìwé kan ti wà lára pátákó ìkéde ní gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ọ̀gá wa ló sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn kan ń fi àìsàn irọ́ gba àkókò kún àkókò, pé kí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lọ mú ìwé ẹ̀rí wá láti ọsíbítù láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹni mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀. Àìsàn kálukú wà níwájú orúkọ rẹ̀: wárápá, etí dídi, ọmọkùnrin tó ṣì ń tọ̀ sórí ibùsùn. Mo fà á ya. Mo sáré lọ ya ti ẹ̀ka kejì, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ sílẹ̀, ó ti fọ́.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wà nídìí tábìlì rẹ̀ nígbà tí mo padà dé, ó ń fi sísọ́ọ̀sì gé ìwé funfun nítorí ìdánwò ti ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo sọ fún un. Ó ní irọ́ ni. Ó dìde lọ wò ó fúnra rẹ̀, ó sì bá àwọn ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an níbẹ̀, bó ṣe kọ wọ́n. Nígbà tó padà, ó ní, "Mo rò pé mo bímọ ni."

Ọ̀sán ni ọmọbìnrin tó ń kọ́ ìṣirò dé. Ó ti lo oṣù márùn-ún ní ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú kó tó wọlé sí yunifásítì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ àfi Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Báyìí gbogbo ayé ti mọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ti wá bá mi láàárọ̀ pé kí n fún àwọn ní yàrá mìíràn, àwọn ò lè sùn tì í. Mo fi ọ̀rọ̀ lé wọn jáde. Ọmọbìnrin náà kò jókòó.

"Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

Mo ń retí kí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ nawọ́ sí ilẹ̀kùn ọ̀gá. Kò nà án.

"Ọwọ́ mi ni, ọmọ mi. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i fún wọn."

"Ẹ ní ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ọ."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà yọ ìwé funfun tirẹ̀ láàárín ìwé ìṣirò, ó fi í sórí tábìlì, ó sì jáde. Ní Ọjọ́bọ̀ ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, kò wò mí lójú.

Lọ́jọ́ kejì, ìránṣẹ́ kan gbé ìwé pupa náà padà wá. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ń ṣí i ní ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni tó ń wo ara ọmọ tó ṣubú. Ó wá dúró lójijì. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ojú ewé ogójì wà níbẹ̀, ìkejìlélógójì ló sì tẹ̀ lé e. Láàárín àwọn méjèèjì, etí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ṣẹ́ kù, abẹ ni wọ́n fi gé e, ó sì gún régé.

"Ta ló wà níbí?" Mo bi í.

Ilẹ̀kùn ọ̀gá ló ń wò. Ó wá yé mi. Kí ọ̀gá tó gbé ọmọ ọlọ́mọ sí gbangba, ó ti kọ́kọ́ yọ tirẹ̀ kúrò níbẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ní màá lọ pariwo ẹ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun náà gba ìwé funfun rí, pé ẹni bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ.

"Pa ẹnu ẹ mọ́," ló wí. "Tẹ̀ lé mi."

Ọ̀gá dìde nígbà tó rí wa. "Màmá mi, ẹ jókòó. Ẹ má bínú, àwọn ìgbìmọ̀ ló fi dandan lé e..."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bọ́ okùn bàtà kúrò lọ́rùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sórí tábìlì. Ojú ọ̀gá lọ sọ́dọ̀ mi, ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ò tíì sọ fún... ṣé ẹ sọ fún ẹnì kankan?"

"Ìwé lo gé," ló wí. Láti ìgbà tó ti di ọ̀gá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó pè é ní ìwọ. "Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà nínú orí mi, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Má fòyà. Mo ní èmi nìkan ló gbọ́ ọ. Èmi nìkan náà ló ṣì gbọ́ ọ."

Ó yíjú padà, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó jáde. Mo bá tẹ̀ lé e.